Ọkùnrin Tí Kì í Gun Àpáta

Olújìmí máa ń gun gbogbo ohun tó bá ga, àfi àpáta ẹ̀yìn abúlé. Iṣẹ́ káfíńtà tó ń ṣe ti gbé e gun òrùlé ilé ìwé, ó ti gbé e gun òrùlé mọ́ṣáláṣí, ó sì ti gbé e gun òrùlé ilé baálẹ̀ tí gbogbo káfíńtà mìíràn sá fún nítorí pé igi rẹ̀ ti jẹrà. Ó máa ń rìn lórí igi òrùlé bí ẹni tó ń rìn ní pálọ̀ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpáta kékeré tó wà lẹ́yìn Ìdí-Afọ̀n, tí àwọn ọmọdé ń sáré gùn, tí àwọn arúgbó ń fi ọ̀pá gùn, ọkùnrin yìí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí láti ọjọ́ tó ti dé abúlé náà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni orí àpáta yẹn nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ pe ọmọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àbúrò rẹ̀ ti bímọ, ibẹ̀ náà ni. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á pé jọ síbẹ̀, wọ́n á na fóònù sókè, tibí á máa pariwo "Ẹ ń gbọ́ mi?", tọ̀hún á máa pariwo "Ẹ tún un sọ!" Nísàlẹ̀, nínú abúlé gan-an, fóònù kò wúlò ju tọ́ọ̀ṣì lọ.

Kùdírátù, ìyàwó Olújìmí, kò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ àpáta náà sí. Ọmọ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni, ìdílé tó ti ń ṣòwò àdìrẹ kí wọ́n tó bí ìyá ìyá rẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ọkọ àkọ́fẹ́ rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé kò tètè bímọ, Kùdírátù sì kó aṣọ àti ìkòkò aró rẹ̀ wá sí Ìdí-Afọ̀n, níbi tí elú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró àbáláyé, ti ń hù bíi koríko. Níbẹ̀ ló ti bá Olújìmí pàdé. Ó ní kó bá òun kan òrùlé sórí ibi tí òun ti ń rẹ aṣọ. Ọkùnrin náà kàn án, ó sì kàn án dáadáa, ó sì ń padà wá láti wò ó bóyá ó ń jò, lásìkò tí òjò kò rọ̀ rárá. Obìnrin tó bá ní ọgbọ́n lórí mọ ohun tí irú ìyẹn túmọ̀ sí.

Ìgbéyàwó wọn kò ní ariwo. Olújìmí bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe é lábúlé, kí wọ́n má pe èrò. Nígbà tí àwọn ará ilé ìyàwó bi í léèrè ẹ̀sìn, ó ní èyí tí ìyàwó òun bá ń ṣe ni òun náà yóò máa ṣe. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ará rẹ̀, ó ní wọ́n ti tán. Baálẹ̀ Ìdí-Afọ̀n ló dúró gẹ́gẹ́ bíi bàbá fún un. Àlímátù, ìyá Kùdírátù, jẹun, ó mumi, ó ṣàdúrà, ṣùgbọ́n bó ṣe ń wọ ọkọ̀ padà sílé ló fa ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kùdí, ọkùnrin tí kò ní ará, tí kò ní ọ̀rẹ́, tí kò ní fóònù. Ó níyàwó níbì kan ni. Òun ló ń sá fún."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà mí nínú jẹ́ lónìí."

"Mi ò bà ọ́ nínú jẹ́. Mo kàn sọ fún ọ ni."

Ọ̀rọ̀ ìyá kì í tètè kúrò létí. Kùdírátù gbé e sọ́kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkọ rẹ̀. Ó kíyè sí i pé tí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀ láti ọ̀nà Abẹ́òkúta, tí eruku rẹ̀ bá ti ń rú, Olújìmí á rántí igi kan tó yẹ kó lọ gé nínú igbó. Ó kíyè sí i pé kì í làágùn lórí òrùlé, kódà nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ọwọ́ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù bíi sìmẹ́ńtì ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, òun náà mọ̀. Ọkùnrin náà ò lù ú, kò bú u, kò sì jẹ́ kí ebi pa á rí. Ṣùgbọ́n ara ń fu ú.

Ọ̀rọ̀ ìṣó tún wà níbẹ̀. Nínú yàrá wọn, tí wọn ò tíì fi sílìǹ sí, igi òrùlé kan wà lókè bẹ́ẹ̀dì gan-an, ìṣó kan sì yọ orí jáde nínú rẹ̀. Wọn ò gbá a wọlé tán. Bí Kùdírátù bá ti dùbúlẹ̀, òun ni ojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bá.

"Ẹ bá mi gbá ìṣó yẹn wọlé," ló sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Ó ń dà mí láàmú."

Olújìmí wo òkè, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ìyẹn ni mi ò lè gbá, Kùdí. Gbogbo òrùlé tí mo bá kàn, mo máa ń fi ọ̀kan sílẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Lóòótọ́, nígbà tí Kùdírátù lọ wo òrùlé mọ́ṣáláṣí àti ti ilé ìwé, ó rí ìṣó kọ̀ọ̀kan tó ta orí jáde níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ará abúlé ní àmì iṣẹ́ rẹ̀ ni, bí aránṣọ ṣe ń lẹ orúkọ mọ́ ọrùn ẹ̀wù.

Bóyá gbogbo rẹ̀ ì bá kàn máa lọ bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Kùdírátù lóyún. Obìnrin tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ nítorí ọmọ lóyún, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń sunkún nídìí ìkòkò aró. Olújìmí náà sunkún. Á gbé ọwọ́ tútù rẹ̀ lé ikùn ìyàwó rẹ̀, ọmọ inú á sì sún wá síbi tí ọwọ́ náà wà. Inú ayọ̀ yìí gan-an ni ìbéèrè tí kò ṣeé gbé mì ti yọjú. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ta ni yóò wá láti ìdílé bàbá? Oríkì agboolé wo ni wọ́n yóò kì fún ọmọ náà? Tó bá dàgbà, tí wọ́n bi í nílé ìwé pé Ẹ̀gbá ibo ni bàbá rẹ̀, kí ni yóò sọ? Kùdírátù mọ̀ pé òun lè máa fọwọ́ bo ojú fún ara òun, ṣùgbọ́n òun ò lè fọwọ́ bo ojú fún ọmọ.

Lọ́jọ́ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó bá òun gbé fóònù gun àpáta, kó bá òun fi àwòrán aṣọ kan ránṣẹ́ sí Màmá ní Ìtòkú.

"Fi í di ọ̀la, Kùdí. Àlejò ti pọ̀ jù lórí òkè yẹn."

"Àlejò wo? Ṣebí ará abúlé wa ni gbogbo wọn."

"Àwọn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ni mò ń wí," ni Olújìmí fèsì, ó sì mú òòlù rẹ̀ jáde.

Ọjọ́ yẹn ni Kùdírátù pinnu pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò wọ ilé òun, ìbáà jẹ́ láti ojú sánmọ̀. Sàlàhúdíìnì, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀, ń ta sólà àti àwo sátẹ́láìtì ní Láfẹ́nwá. Ó ránṣẹ́ sí i pé kó bá òun fi orúkọ sílẹ̀ fún íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní kò nílò òpó rárá. Ohun tó sọ fún ọkọ rẹ̀ ni pé nítorí àwọn oníbàárà ni, àwọn ará òkè òkun tí wọ́n fẹ́ rí aṣọ lójúkojú kí wọ́n tó rà á. Irọ́ kọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́.

Olújìmí gbé òòlù rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé a ò lè máa gbé báyìí, Kùdí? Kí ni a ò ní?"

Ohun tí wọn ò ní wà lẹ́nu Kùdírátù, kò sì lè sọ ọ́.

Ìdúró bẹ̀rẹ̀. Sàlàhúdíìnì ní orúkọ ti wọlé, ṣùgbọ́n àyè ti kún lágbègbè náà, kí wọ́n máa retí. Wọ́n retí títí ọyẹ́ fi kásẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo Ìdí-Afọ̀n ló bá wọn retí. "Ẹ kú àárọ̀, ṣé àwo ti dé?" di ìkíni. Àwọn ọmọdé fi èédú ya àwo sára ògiri ilé ìwé. Baálẹ̀ béèrè bóyá ohun náà lè máa wo inú yàrá ènìyàn láti òkè, wọ́n ní rárá, àmọ́ láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ń ti fèrèsé rẹ̀ kó tó bọ́ aṣọ. Olújìmí nìkan ni kò béèrè nǹkan kan. Bí àwọn yòókù ṣe ń yọ̀ ni òun ń rù.

Nígbà tí àwo náà dé níkẹyìn, Sàlàhúdíìnì gbé e wá fúnra rẹ̀ lórí ọ̀kadà. Kò bá Olújìmí nílé, ọkùnrin náà ti lọ gé igi. Ó gbé e sórí òrùlé, ó fa wáyà wọ yàrá, ó sì ní kí wọ́n fún un di ọ̀la kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bá wáyà náà ní gígé.

"Eku ni," ni Olújìmí wí, láìgbójú sókè.

Eku Ìdí-Afọ̀n kì í ṣe eku kékeré, gbogbo abúlé gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Kùdírátù ti ń fi abẹ gé aṣọ láti kékeré, ó sì mọ ojú ibi tí abẹ bá gbà kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń wẹ̀, ó ṣí báàgì iṣẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ ayùn àti òòlù, ó rí àkísà kan tí wọ́n ká rọra. Ó tú u. Wáyà dúdú ló wà nínú rẹ̀, kúkúrú, tó dán lójú méjèèjì.

Ó tún un ká bó ṣe wà. Gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ sọ rú jáde lọ́kàn rẹ̀: ìyàwó kan wà níbì kan, àwọn ọmọ wà pẹ̀lú rẹ̀, bóyá ọlọ́pàá gan-an ń wá a. Inú bí i, ó sì tún dùn ún, nítorí pé ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ì bá rọrùn ká ní kò fẹ́ràn rẹ̀.

Láti ìgbà náà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan pamọ́. Ó ránṣẹ́ fún wáyà tuntun, kò sì sọ. Lọ́sàn-án kan tí Olújìmí sùn lórí ẹní lẹ́yìn ìrun, ó yọ fóònù, ó sì yà á ní fọ́tò, ọkùnrin tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun rí. Ó sùn jẹ́jẹ́, ọwọ́ méjèèjì lórí àyà, ẹsẹ̀ rẹ̀ gún régé, bí ẹni tí àwọn mìíràn tẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kùdírátù dúró wò ó títí ó fi rí i pé ó ń mí.

Ó mọ ibi tí yóò fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí. Nígbà kan, nígbà tí wọn ò tíì fẹ́ra, Olújìmí ti ṣèèṣì sọ pé Láfẹ́nwá ni òun ti kọ́ṣẹ́. Káfíńtà tó bá gba fúrídọ́ọ̀mù ní Abẹ́òkúta, àwọn ọ̀gá tó wà níbẹ̀ kì í gbàgbé rẹ̀, wọ́n á mọ ẹni tó kọ́ ọ, wọ́n á mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Bí Olújìmí bá níyàwó, wọ́n á mọ ìyàwó náà. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Sàlàhúdíìnì padà wá. Kùdírátù ti yan ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ yóò wà ní abúlé kejì, níbi tí wọ́n ti ń kan òrùlé ilé ìwé. Wọ́n so wáyà tuntun, iná kékeré kan tàn lára àpótí, fóònù Kùdírátù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké lemọ́lemọ́, gbogbo ìkíni tí kò rí ọ̀nà wọlé láti ìgbà yìí wá ń rọ́ wọlé. Àwọn ọmọdé hó yèè níta.

"Àǹtí Kùdí, ó ti dé! Ta lẹ máa kọ́kọ́ pè?"

Kùdírátù fi fọ́tò náà hàn án. "Bá mi fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá káfíńtà tí o mọ̀ ní Láfẹ́nwá. Bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n."

Sàlàhúdíìnì wò ó lójú, ó lóye. Ó fi í ránṣẹ́, ó jáde lọ bá àwọn ọmọdé tí wọ́n fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Kùdírátù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń retí. Kò tíì pẹ́ rárá tí fóònù fi dún, ìpè fídíò ni. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́, ojú bàbá arúgbó kan yọ, ó dé fìlà funfun, ìtì pákó sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán o. Èmi ni Timothy, wọ́n ń pè mí ní Ọ̀gá Timothy. Ẹ̀yin lẹ fi fọ́tò yìí ránṣẹ́?"

"Èmi ni, sà. Ẹ kú ọ̀sán, sà."

"Níbo lẹ ti rí i?" Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Mo rò pé fọ́tò rẹ̀ kankan ò ṣẹ́kù. Ìyá rẹ̀ ló ní ká kó gbogbo rẹ̀ tì í nígbà yẹn."

Kùdírátù ò lóye. "Ọkọ mi ni, sà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó níyàwó níbòmíràn ni."

Bàbá náà bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. "Ọmọ mi, ṣé ẹ jókòó? Olújìmí ni orúkọ ẹni tó wà nínú fọ́tò yìí. Ọmọ iṣẹ́ mi ni, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn tó o nínú wọn. Kò níyàwó. Òrùlé kan ni a ń kàn, oòrùn ti ń wọ̀, mo ní kó sọ̀ kalẹ̀, ó ní ọ̀gá, ìṣó kan ló kù. Ibi tó ti fẹ́ gbá a ni igi ti dá lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ló kú sí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Èmi ni mo kan pósí rẹ̀."

Kùdírátù gbójú sókè. Ìṣó náà wà níbẹ̀, lókè bẹ́ẹ̀dì, orí rẹ̀ ń dán.

Ó fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Ó fẹ́ sọ pé àárọ̀ yìí ni ọkùnrin náà jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, pé ó fún òun lóyún. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ojú bàbá náà ti kúrò lára òun. Ohun tó wà lẹ́yìn òun ló ń wò. Ẹnu rẹ̀ là, fìlà bọ́ lórí orúnkún rẹ̀.

"Jìmí?" ni Ọ̀gá Timothy pè, jẹ́jẹ́.

"Sà," ni ohùn kan dáhùn lẹ́nu ọ̀nà.

Kùdírátù yíjú padà. Pákó ti tán ní abúlé kejì, Olújìmí sì ti padà wálé kí àsìkò tó tó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì iṣẹ́ ń rọ̀ léjìká rẹ̀, eruku igi wà lára irun rẹ̀. Kò wo ìyàwó rẹ̀. Ó ń wo fóònù, ojú rẹ̀ sì di ojú ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá bá nídìí iṣẹ́ tí kò parí. Ó sọ báàgì kalẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe ń dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ má bínú, sà. Mi ò parí iṣẹ́ náà."

"Dìde, ọmọ mi," ni bàbá náà wí, ó ń sunkún. "Dìde."

Kò dìde. Kùdírátù ju fóònù sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti fà á lápá, ọwọ́ rẹ̀ sì bá ilẹ̀. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Lórí sìmẹ́ńtì, ibi tí ènìyàn ti nà gbalaja tutù, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká aṣọ tútù kúrò níbẹ̀. Ó ń gbẹ lójú rẹ̀, láti ẹsẹ̀ dé orí, títí tí kò fi sí mọ́. Báàgì iṣẹ́ nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà.

Níta, àwọn ọmọdé tún hó yèè. Ẹnì kan ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Àlímátù wá láti Ìtòkú lọ́jọ́ kejì, kò sì padà lọ. Kò sọ pé "mo ti sọ fún ọ." Ó gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan, ó sì sọ ohun tí òun gbọ́ lẹ́nu ìyá tirẹ̀.

"Àkúdàáyà ni, Kùdí. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé tó fi lọ. Ó máa ń wá ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, á máa ṣiṣẹ́, á máa jẹun, á fẹ́yàwó. Kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe lè dúró lójú ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú. Bí ẹni náà bá ti fojú kàn án, ó parí."

"Nígbà náà, èmi náà…"

"Ìwọ náà ti mọ̀ báyìí."

Ohun tó dun Kùdírátù jù nìyẹn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ òkú. Pé òun ló gbé ojú ayé wọ inú ilé tí ọkùnrin náà sá sí, lẹ́yìn tó ti bẹ òun pé kí àwọn máa gbé báyìí. Ó ní kí wọ́n tú àwo náà palẹ̀. Àwọn ará abúlé bẹ̀ ẹ́, baálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ṣé gbogbo ìretí yẹn ló fẹ́ já sí asán. Ó dá àwo padà sínú páálí, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lábẹ́ ìṣó náà. Ìdí-Afọ̀n padà sórí àpáta.

Ó bí obìnrin. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Ọ̀gá Timothy wá, òun ló dúró ní ipò ìdílé bàbá, òun ló sì kì í ní oríkì agboolé Olújìmí, ojú rẹ̀ lókè níbi ìṣó ní gbogbo ìgbà. Wọ́n sọ ọmọ ní Lubabah. Ní àràárọ̀ ni Kùdírátù ń di ọwọ́ rẹ̀ mú láti mọ̀ bóyá ó gbóná. Ó ń gbóná dáadáa.

Ọmọ náà ti ń jókòó nígbà tí Ràhámátù dé, obìnrin kan tó máa ń ra àdìrẹ kiri láti ìhà Ìmẹ̀kọ, nítòsí ibodè. Ó ń tú aṣọ wò lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ, ó ṣàdédé gbójú sókè.

"Ẹ wò ó, ìṣó kan yọ síta lókè yín níbẹ̀ yẹn. Bí káfíńtà tó dé sí abúlé wa ṣe ń ṣe nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí, àmọ́ kò ní gbá ìṣó ìkẹyìn wọlé láéláé."

Kùdírátù rọra gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ó ti pẹ́ tó dé?"

"Kò pẹ́. Ṣáájú òjò."

"Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lọ́dọ̀ yín?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kẹ̀! Kò sí òpó kan, kò sí àpáta tá a lè gùn. Àmọ́ a ti fi orúkọ sílẹ̀ fún ti sátẹ́láìtì, a ń retí rẹ̀."

Kùdírátù di ọwọ́ obìnrin náà mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àwọn ará ilé yín. Kí wọ́n má gbà á. Ẹ sọ fún wọn pé kò dára."

"Háà! Káfíńtà náà gan-an ló dá a lábàá, òun ló ri igi tí wọn yóò gbé àwo lé. Mo rò pé kò tiẹ̀ ní ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kàn fẹ́ rí ọmọ kan ni."

Lọ́sẹ̀ yẹn, Kùdírátù ránṣẹ́ pe Sàlàhúdíìnì, wọ́n fa páálí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì gbé àwo padà sórí òrùlé. Inú gbogbo abúlé dùn, wọ́n ní ìbànújẹ́ rẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn náà ló tún jókòó tó ń retí, bó ṣe ṣe nígbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nísinsìnyí ó mọ ohun tó ń retí. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára pátákó ìta, níbi tó ti ń polówó aṣọ. Olújìmí ló fi ọ̀dà kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìpè náà wọlé lọ́sàn-án kan tí kò sí ẹlòmíràn nílé. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni, ìpè fídíò. Kùdírátù gbé Lubabah sórí itan, ọmọ tí kò mọ bàbá rẹ̀ rí, tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ nǹkan kan fún. Ó kọjú fóònù sí i. Ó di ojú tirẹ̀ pa, ó di í gan-an, ó sì tẹ fóònù.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí ènìyàn bá wà lórí òrùlé. Lubabah bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá tí kò rín irú rẹ̀ rí, ó ń na ọwọ́ síwájú. Omi ń bọ́ láti abẹ́ ìpéǹpéjú Kùdírátù. Gbogbo ara rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wò ó, lẹ́ẹ̀kan péré.

Kò la ojú. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà tutù bíi sìmẹ́ńtì ilẹ̀ lẹ́yìn òjò.